Abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù ti sọ ẹ̀jẹ̀ mi di kíki: ṣé kí n lọ fà á dànù?

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbúrẹ́dì ni mí ní Àjàṣẹ́, ẹni ọdún 46. Ṣegede mú mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 18, ó sì bá mi nínú kórópọ̀n méjèèjì. Ní oṣù 14 sẹ́yìn, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní họ́mọ̀nù ọkùnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára mi, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gún mi ní abẹ́rẹ́ testosterone, 250 mg ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ara mi yá gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta, ó máa ń rẹ̀ mí wá, ni mo bá bẹ nọ́ọ̀sì àdúgbò wa kó máa gún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, hématocrite mi jẹ́ 44. Ní oṣù kẹfà ó di 49. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 56 ni wọ́n kọ síbẹ̀, hémoglobine sì jẹ́ 18,6. Ẹni tó fún mi ní ìwé àyẹ̀wò ní ẹ̀jẹ̀ mi ti pọ̀ jù, kí n lọ gbẹ́ ẹ dànù. Àbúrò bàbá mi ní Kétu ní òun mọ bàbá kan tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó mi ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa, pé ẹni tó ń rẹ̀ kò lè ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ó sì ń se pòròpórò ọkà bàbà fún mi láràárọ̀. Tánsíọ̀n mi jẹ́ 13/8. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?"

Ọ̀gá oníbúrẹ́dì, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Mo dúpẹ́ pé ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí mò ń gbà kì í ní ju "ara mi ò dá" lọ. Bí mo bá gbọ́ yín yé, ẹnu mẹ́ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tó jọ èkejì. Ẹ̀rù kan tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹ kò kọ, àmọ́ tí mo rí: bóyá oògùn tó sọ yín di èèyàn padà ni yóò wá gbẹ̀mí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi kí n tó ṣàlàyé. Nọ́ńbà 56 kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ́ dànù kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Bí oògùn náà ṣe ń wọ ara yín ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ náà ni a óò sì ti kọ́kọ́ tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ tó kàn, ẹ má gbà á títí ẹ ó fi rí dókítà tó kọ ọ́ fún yín. Ti ìwo, rárá.

Ọ̀rọ̀ "ẹ̀jẹ̀ pọ̀" yìí ti da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún ẹnì kan, ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa ń wá sí i lọ́kàn, á sì lọ jáwọ́ nínú iyọ̀. Tánsíọ̀n ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan; 13/8 yín kò burú rárá. Hématocrite jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ yín sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ yí i bírí-bírí, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa á sọ̀ sísàlẹ̀ bí ògì ṣe ń sọ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò, omi tó pọ́n rúsúrúsú á sì dúró lókè. Bí pupa yẹn bá gba ìdá 56 nínú 100, hématocrite 56 nìyẹn. Lára àgbàlagbà ọkùnrin, ó sábà máa ń wà láàárín 40 sí 50. Ògì tí omi rẹ̀ kéré kì í tètè dà láti ẹnu ìkòkò; ẹ̀jẹ̀ tó ki náà kì í tètè sáré nínú iṣan tín-ín-rín. Orí fífọ́, òòyì, ojú tó ń ṣú, ara tó wúwo, gbogbo rẹ̀ lè ti ibẹ̀ wá. Èèyàn sì lè dé 56 kó má gbọ́ nǹkan kan lára.

Ìyàwó yín kò jẹ̀bi. Pòròpórò ọkà bàbà ni àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú aláìlẹ́jẹ̀, omi rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ gan-an, ó sì rí ọkọ rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Kí ni kó rò? Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta yín kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Oògùn ló ti ń tán lára yín. Ẹ̀jẹ̀ yín pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó pọ̀ bákan náà ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Testosterone ló ga tó sì wálẹ̀. Mi ò ní sọ pé àgbo yẹn ló gbé yín dé 56, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kún àkúnya kò nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò síróòpù ẹlẹ́jẹ̀ ti fámásì tí irin kún inú rẹ̀, nítorí irin ni a fi ń mọ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹ bá mi kí i, kí ẹ ní kó gbé ìkòkò náà sọ̀ ná. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹran tiyín, ẹ máa jẹ wọ́n; kò sí ẹni tó fi ebi tún hématocrite ṣe.

Báwo wá ni abẹ́rẹ́ ọkùnrin ṣe ń di ẹ̀jẹ̀? Testosterone ń rán kíndìnrín níṣẹ́ pé kó tú EPO jáde, ìyẹn ìránṣẹ́ tó ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó máa mọ sẹ́ẹ̀lì pupa. Lọ́wọ́ kan náà, ó ń dín hepcidine tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù. Ẹ rò ó bí oníbodè Àkàbà Ìdènà ní Kétu láyé àtijọ́: hepcidine ló ń pinnu bí irin tí yóò kọjá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Bí oníbodè bá sùn, irin á ya wọlé, mùdùnmúdùn tó ti gba àṣẹ á sì rí ohun èlò lò. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin fi ki ju ti obìnrin lọ, tí ti ọmọdékùnrin sì ń gòkè nígbà tí irùngbọ̀n bá ń hù. Nítorí náà, oògùn yín kò ya májèlé. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún ló ń ṣe, ó kàn ń ṣe é ní àṣejù ni.

Ibi tí àṣejù yẹn ti wá rèé. Abẹ́rẹ́ olóròóró irú èyí tí wọ́n ń gún yín máa ń ga sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ó sì sábà máa ń kọjá ibi tí ara ọkùnrin aláìlárùn ń dé, tí ó wà láàárín bíi 3 sí 10 ng/ml lórí ìwé àyẹ̀wò wa. Lẹ́yìn náà á máa yọ̀ wálẹ̀, títí yóò fi lọ sísàlẹ̀ ààlà kí abẹ́rẹ́ mìíràn tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná sí ààrò mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá ko gbogbo igi sí i lẹ́ẹ̀kan, búrẹ́dì àkọ́kọ́ á jó, ti ìkẹyìn kò ní jinná. Nígbà tí ẹ wá sún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di méjì, ẹ kò mú òkè yẹn kúrò, ẹ kó òkè méjì súnmọ́ ara wọn ni. 250 mg ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ bíi 83 mg lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó di 125. Ìwọ̀n tí àwọn elétò ìlera sábà ń kọ fún irú abẹ́rẹ́ yìí jẹ́ 75 sí 100 mg lọ́sẹ̀, tàbí 150 sí 200 ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ti kọjá rẹ̀, ọ̀gá, láìmọ̀. Mi ò bá yín wí. Ẹni tí oògùn ń tán lára rẹ̀ kó tó di ọjọ́ abẹ́rẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá nǹkan ṣe. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé nọ́ọ̀sì àdúgbò àti ẹ̀yin nìkan lẹ dá ìpinnu náà ṣe, dókítà kò sì mọ̀.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ di gbogbo ẹrù lé abẹ́rẹ́ lórí, nítorí iṣẹ́ yín ò jẹ́ kí n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tí hématocrite rẹ̀ ga ni bí wọ́n ṣe fa ẹ̀jẹ̀ náà gan-an. Ṣé ẹnu ààrò ni ẹ ti gbéra ní ìdájí, tí ẹ ti làágùn látòru, tí ẹ kò tíì jẹ tí ẹ kò tíì mu nítorí wọ́n ní kí ẹ má jẹun, tí ẹ wá bọ́ sórí zémìjàn lọ sí ilé àyẹ̀wò? Bí omi bá gbẹ lára, pupa á dà bí ẹni pé ó pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ omi ló dín kù. Bí wọ́n bá sì so rọ́bà mọ́ apá pẹ́ kí wọ́n tó rí iṣan, ó tún ń fi díẹ̀ kún un. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ tó ti ìgbèríko wọ ọkọ̀ wá sí ìlú nínú oòrùn, tó sùn mọ́jú kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa a máa wú bó bá pẹ́ nínú ooru, hématocrite á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Hémoglobine, ìyẹn ohun pupa inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, ni kì í yí padà lọ́nà bẹ́ẹ̀, ìdí rèé tí mo fi ń wo méjèèjì pọ̀: ẹ fi 3 sọ hémoglobine di púpọ̀, ó yẹ kó súnmọ́ hématocrite. Tiyín, 18,6 ní ọ̀nà mẹ́ta jẹ́ 55,8. Wọ́n bára mu. Ó lè jẹ́ pé àìmu omi fi díẹ̀ kún un, àmọ́ kì í ṣe irọ́ ẹ̀rọ. Ẹ tún un ṣe ṣá, ní ọjọ́ tí ẹ kò dáná, lẹ́yìn tí ẹ ti sùn tí ẹ sì ti mu omi dáadáa.

Èéfín ni èkejì. Ààrò igi nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kéré máa ń tú gáàsì kan tí kò ní òórùn, monoxyde de carbone, èyí tó máa ń gun hémoglobine bí ẹṣin, tí kò sì ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ara nílò rí àyè jókòó. Ara á rò pé ẹ̀jẹ̀ òun kò tó, kíndìnrín á tún kọ̀wé sí mùdùnmúdùn. Sìgá ń ṣe bákan náà. Ẹ kò sọ bóyá ẹ ń mu ún. Bí ẹ bá ń mu ún, kò sí dókítà tó lè fi abẹ́rẹ́ kankan tún 56 yìí ṣe tí sìgá náà bá wà lẹ́nu yín. Mo rántí ọkùnrin kan tó ń yan ẹja. Nígbà tó gbé ibi iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí gbangba, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, láìjẹ́ pé a yí oògùn kankan padà. Ti ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o, mi ò fi ṣe òfin.

Oorun sì ni ẹ̀kẹta. Àwọn kan wà tí ọ̀fun wọn máa ń dí bí wọ́n bá sùn. Wọ́n á hanrun kíkan-kíkan, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ lójijì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á wá ta gìrì bí ẹni tó rì sómi tó yọrí. Lọ́pọ̀ ìgbà lóru kan ni afẹ́fẹ́ á tipa bẹ́ẹ̀ dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì máa fi sẹ́ẹ̀lì pupa dí i. Testosterone lè mú àìsàn oorun yìí le sí i. Lára ẹlòmíràn, bó bá ń tòògbé lọ́sàn-án, mo mọ̀ pé àmì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, títòògbé lọ́sàn-án kò lè sọ ohun kan fún mi. Ẹni tó ń sùn tì yín ló lè jẹ́rìí. Kí ó jókòó tì yín fún bí ìdajì wákàtí nígbà tí oorun bá ti wọ̀ yín lára, kí ó gbọ́ bóyá èémí yín ń dá dúró.

Àìsàn kan tún wà tó jẹ́ ti mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀, tí a ń pè ní polyglobulie de Vaquez. Níbẹ̀, mùdùnmúdùn kò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí àbùkù kan nínú jíìnì JAK2, èyí tí wọ́n ṣàwárí ní 2005, tó sì wà lára èyí tó ju 95 lọ nínú 100 àwọn tó ní àìsàn náà. Ohun tó máa jẹ́ kí n fura sí i ni kí sẹ́ẹ̀lì funfun tàbí plaquettes (àwọn sẹ́ẹ̀lì tíntìntín tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) náà ga pẹ̀lú pupa, kí ara máa yún ẹni lẹ́yìn tó bá fi omi gbígbóná wẹ̀, kí ọlọ inú wú. Tiyín kò jọ ọ́: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 44, ẹ sì gòkè pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé bí ẹ bá wá a lórí fóònù, ẹ óò rí i kà pé ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 45 dandan. Òótọ́ ni, fún àìsàn yẹn. Ní 2013, ìwádìí kan ní Ítálì fi àwọn aláìsàn yìí 365 wé ara wọn, ẹ̀jẹ̀ dídì àti ikú ọkàn sì kéré púpọ̀ lára àwọn tí wọ́n pa mọ́ sábẹ́ 45. Àwọn kan wá gbé 45 yẹn wá fún ẹni tó ń gba testosterone, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́n omi ọkọ̀ ojú omi tó lu. Àìsàn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ààlà tí àwọn onímọ̀ họ́mọ̀nù fi sílẹ̀ fún tiyín ni 54: bó bá kọjá rẹ̀, kí a dá oògùn dúró títí yóò fi wálẹ̀, kí a wá ìdí rẹ̀, kí a sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Mo ní láti sọ òtítọ́ pé ìmọ̀ràn àgbà ni 54 yẹn. Kì í ṣe pé ẹnì kan pín èèyàn sí ọ̀nà méjì tó sì rí i pé 54 dára, 55 burú.

Ṣé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́? Ìwádìí tó tóbi jù tí a ní jáde ní 2023. Ó kó àwọn ọkùnrin tó lé ní 5,000 jọ, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 45 sí 80, tí wọ́n ní àìsàn ọkàn tàbí tó súnmọ́ ọn. Wọ́n fún àwọn kan ní testosterone tí a ń fi pa ara, wọ́n fún àwọn yòókù ní ìpara lásán. Àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò pọ̀ lára àwọn olóògùn ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì tó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró ṣẹlẹ̀ sí bíi 9 nínú 1,000 lára wọn, ó sì jẹ́ 5 lára àwọn tí kò lò ó. Ọkàn tó ń lù ségesège náà pọ̀ díẹ̀ sí i. Ó kéré, àmọ́ ó wà. Kí ẹ sì rántí pé ìpara ni wọ́n lò, kì í ṣe abẹ́rẹ́, wọ́n sì ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá 54. Nítorí náà, ẹni tó wà ní 56 lórí abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kò lè fi ìwádìí yẹn sùn fọnfọn. Òkèèrè la ti ń wo igi ganganran.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Bí ó bá jẹ́ èmi ni dókítà yín, màá kọ́kọ́ dá abẹ́rẹ́ dúró. Ẹ ó gbọ́ ọ lára o, mi ò ní tàn yín: àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn á dé, á sì jókòó tì yín. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń gbé nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, nítorí náà, nọ́ńbà náà kò ní já wálẹ̀ bí òkúta. Mo máa ń tún un wò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà ní oṣù kẹta. Bó bá ti padà sí ibi tó fọkàn balẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ti àtijọ́. Ohun tó wù mí jù ni ìwọ̀n kékeré lemọ́lemọ́, bíi 75 mg lọ́sẹ̀, kí iná ààrò má ga kó má sì kú. Ìyọnu kan wà níbẹ̀ tí àwọn ìwé òyìnbó kì í sọ: ìgò gíláàsì kékeré tó ń wá sí ọ̀dọ̀ wa, 250 mg ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá sì ti ṣẹ́ ọrùn rẹ̀, kò ní ìdérí mọ́. A kì í tọ́jú ìyókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ inú fíríìjì, kòkòrò á wọ̀ ọ́, ẹ ó sì gún éèwo sínú ẹran ìdí yín. Ẹ ó máa da èyí tó ṣẹ́kù nù, owó sì ni. Àwọn kan a máa fi ìdajì ìgò gún un ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ó sàn ju odindi lọ, ìdajì ìgò ṣì ń bọ́ sínú ìdọ̀tí.

Testosterone tí a ń fi pa ara ló máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ga níwọ̀nba jù, nítorí ojoojúmọ́ ni, kò sì sí òkè kankan níbẹ̀. Ó wọ́n ju abẹ́rẹ́ lọ, kò sì sí ní gbogbo fámásì. Ìṣòro yín gan-an ni pé apá àti èjìká ni a ń fi í pa, apá yẹn náà lẹ fi ń po ìyẹ̀fun, ààrò sì ń mú yín làágùn. Àfi kí ẹ máa fi para lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹ bá ti wẹ̀ tí ara ti gbẹ, kí ẹ fọ ọwọ́ méjèèjì pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ wọ ẹ̀wù lé e, kí ọmọdé má sì forí lé e: bó bá ra ọmọ kékeré lára, irun abẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀ láìtọ́jọ́. Abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ gígùn náà wà, 1,000 mg ní ọ̀sẹ̀ 10 sí 14, tó ń rọra yọ́. Kì í mú ẹ̀jẹ̀ ki tó èyí tí ẹ ń gbà. Abẹ́rẹ́ ńlá ni, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń tì í, ẹ sì ní láti jókòó fún bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀ nítorí àwọn kan máa ń húkọ́ tàbí kí èémí wọn há. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àpò yín àti ibi tí ẹ ti lè rí i rà láìdáwọ́ dúró ló máa pinnu, bí a ò bá tan ara wa.

Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ́ wá ńkọ́? Àpò kan, bíi 450 ml, máa ń mú hématocrite wálẹ̀ ní nǹkan bí 3. Ó yára, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ní awakọ̀ kan tó ń gba abẹ́rẹ́ bíi tiyín. Ní oṣù méjì-méjì ni mo ń gbẹ́ àpò kan lára rẹ̀, inú mi ń dùn pé nọ́ńbà wálẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ìwọ̀n oògùn rẹ̀ rárá. Bó bá ti wálẹ̀ ló tún ń gòkè. Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, ó wọlé wá tòun ti ọ̀rá omi dídì lọ́wọ́, ó ń rún un wọ̀mù-wọ̀mù bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní òun kì í lè sùn mọ́, pé ẹsẹ̀ òun kì í dúró jẹ́ẹ́ lóru, pé ó ń rẹ òun ju ìgbà tí òun kò tíì gba abẹ́rẹ́ lọ. Mo yẹ ferritine rẹ̀ wò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi irin tí ara fi pamọ́ hàn, irin ti tán pátápátá lára rẹ̀. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan ń kó irin tó tó 200 mg lọ, gbogbo èyí tí ọkùnrin fi pamọ́ sì máa ń jẹ́ bíi 1,000. Mo ti gbẹ́ ẹ tán. Kò sì sí ìwádìí kan tó fi hàn pé gbígbẹ́ yẹn ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì lára ẹni tó ń gba testosterone. Láti ìgbà náà, mo fi í pamọ́ fún ẹni tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú, tí nọ́ńbà rẹ̀ ga gan-an, tàbí ẹni tí a ti dín oògùn rẹ̀ kù tí kò sì gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni, a ó sì wo ferritine kọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ yín tọrẹ, ẹ sọ fún wọn nílé ẹ̀jẹ̀ pé ẹ ń gba testosterone, kí wọ́n fúnra wọn sọ bóyá àwọn lè gbà á.

Ti bàbá Kétu, mo bọ̀wọ̀ fún àbúrò bàbá yín, ṣùgbọ́n ìwo kì í fa tó ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí yóò mi 56 lẹ́sẹ̀. Ohun tó lè fi sílẹ̀ sára yín ni jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B (hépatite B), HIV tàbí àrùn ipá (tétanos), bí abẹ náà bá ti kọ́kọ́ kan ara ẹlòmíràn. Aspirine náà ń kọ́? Ẹ má dá a lò. Kò ní dín sẹ́ẹ̀lì pupa kù, ó sì lè mú inú ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní ìdí mìíràn láti lò ó ni dókítà rẹ̀ máa ń kọ ọ́ fún.

Lẹ́tà ni mo kà, ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kan inú yín, mi ò gbọ́ ọkàn yín, mi ò rí sẹ́ẹ̀lì funfun àti plaquettes yín. Ohun tí mo kọ yìí kò lè rọ́pò dókítà tó mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń ro yín, bí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí há lójijì, bí apá kan ara bá kú tàbí ọ̀rọ̀ di kòlò lẹ́nu, ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni, ẹ má sì sùn lé e lórí: ilé ìwòsàn ńlá ni, lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí èyí, kí ẹ lọ rí dókítà yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, 44, 49 àti 56, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì yẹn fún un láìfi pamọ́. Ẹ ní kó bá yín wo testosterone, ferritine àti gbogbo hémogramme, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ mú ìyàwó yín lọ. Òun ló mọ bí ẹ ṣe ń hanrun, ó sì yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò pòròpórò yẹn lẹ́nu ẹlòmíràn tó yàtọ̀ sí yín.